Àpá Ara Pákó

Tí a bá dárúkọ Ìkòyí, ọ̀pọ̀ yín á ti ro ti Èkó, níbi ilé ńlá àti ilẹ̀ pákó tó ń dán gbinrin. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìkòyí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun là ń wí, èyí tó wà lágbègbè Ìkirè àti Àpòmù, tí kò sì jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, àgbègbè yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀, níbi tí Frank Willett ti walẹ̀ láti 1957, wọ́n rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Àwọn onímọ̀ fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Wọ́n á gbé àfọ́kù ìkòkò dúró lórí etí, wọ́n á tò ó kó fún mọ́ra, wọ́n á sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín níbòmíràn. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwòó, Ọọ̀ni tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Ẹ wò ó, nǹkan tó ti fọ́ ni wọ́n fi ṣe é! Ibi tó bá yọ, ó ṣeé fi àfọ́kù míì dí.

Ilé mẹ̀kúnnù kò ní àpáàdì. Amọ̀ ni wọ́n máa ń lù títí tó fi le. Àwọn obìnrin á wá fi ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ omi rẹ́ ẹ. Tó bá ti gbẹ, kì í rùn, eruku rẹ̀ náà á sì dín kù. Ẹsẹ̀ àpótí á fà á ya, ewúrẹ́ á họ ọ́, wọ́n á sì tún un rẹ́. Iṣẹ́ ilé ni, bí ìgbálẹ̀. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Pákó ńkọ́? Àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kó iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà wá sí Èkó, àrà ilé wọn sì tàn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí owó kòkó dé, pẹtẹ́ẹ̀sì di ohun àmúyangàn. Pákó ni wọ́n ń tẹ́ sókè rẹ̀, ìrókò sì dára fún un torí ikán kì í tètè ràn án.

Wọ́n ní àpá kì í jọ ara. Lára pákó, ó lè jọ ọ́. Ẹ fi èékánná fà á kọjá lórí àpá náà. Tí kò bá kọ́ ọ, fáníìṣì nìkan ló họ. Ìda oyin díẹ̀ tó o. Tó bá kọ́ ọ, ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ máa tọ ìlà igi lọ, ẹ má ṣe dábùú rẹ̀ láé. Èyí tó jìn, ẹ po ìyẹ̀fun pákó irú igi kan náà mọ́ gọ́ọ̀mù, ẹ fi dí i, kó gbẹ, kí ẹ tó ha á. Tó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ̀ wọnú ni, tí igi ò gé, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí rẹ̀. Omi á wọnú igi, igi á wú padà. (Àwa fẹ́ràn eléyìí jù, ó dà bí idán.)

Ní 1960, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sìmẹ́ńtì le, ó rọrùn láti fọ̀, a ò bá a jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táìlì dé. Àmọ́ táìlì tó bá sán ò ṣeé ha, ẹ máa yọ ọ́ ni, ẹ ó sì wá irú rẹ̀ títí. Ilẹ̀ ìrókò tó nípọn ṣeé ha lẹ́ẹ̀kan, ṣeé ha lẹ́ẹ̀mejì, kó ṣì kù.

Síbẹ̀, tí ọmọlójú bá ń tún pẹtẹ́ẹ̀sì baba ńlá ṣe lónìí, pákó òkè ló máa ń kọ́kọ́ ṣí dànù, ó ní ó ti họ. Tí wọ́n bá pè yín sírú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń ta pákó ìrókò lọ́jà báyìí.