Boulder, Ìlú Ẹsẹ̀ Òkè, àti Àwọn Apọntí Inú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gbéra ní Denver tí í ṣe olú-ìlú Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó kọjú sí àríwá díẹ̀ àti ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, kò ní tíì rin ọgbọ̀n máìlì tán tí yóò fi rí àwọn òkúta pẹlẹbẹ ńláńlá tí wọ́n dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n fẹ̀yìn ti àwọn òkè Rocky. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkúta náà ni ìlú Boulder tẹ̀dó sí, ní ibi tí ó fi ohun tí ó lé ní 5,400 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ. Àwọn tí ń wá wúrà ni wọ́n tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1859, lórí ilẹ̀ tí àwọn Arapaho ti ń gbé kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ó sì di 1876, ọdún kan náà tí Colorado di ìpínlẹ̀, a dá Yunifásítì Colorado sílẹ̀ níbẹ̀. Boulder, ọmọ òkè tí í fi yìnyín wé gèlè, ọmọ odò tí í ti orí àpáta sọ̀kalẹ̀ wá kí ará ìsàlẹ̀: ìlú ìwé ni, ìlú afẹ́fẹ́ tútù ni, ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń pọn bíà níwọ̀nba lónìí bá ń ka àwọn ìlú tí iṣẹ́ wọn ti ṣẹ̀ wá, wọn kì í ka ìlú mẹ́ta kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìlú yìí kan náà ni ó ti lé ọtí jáde kúrò ní àárín rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ adùn ọtí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé awakùsà kì í sábà jẹ́ aláìmu, àwọn ará Jámánì tí wọ́n sì ṣí wá sí agbègbè náà kò fi iṣẹ́ ọwọ́ baba wọn sílẹ̀ sí èbúté tí wọ́n ti wọkọ̀. Adolph Coors, ọmọ Prussia, bẹ̀rẹ̀ sí pọn tirẹ̀ ní ìlú Golden ní 1873, ní ibi tí kò jìnnà sí Boulder. Boulder pàápàá sì ní ilé ìpọntí tirẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Crystal Springs, tí ń ta bíà, tí ó sì ń ta yìnyín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlú tí ilé ìwé gíga bá wà, tí àwọn òbí ń rán ọmọ wọn wá sí láti ọ̀nà jíjìn, kì í pẹ́ kí ó tó di ìlú oníwàásù. Ní 1898 ni a ṣí àgọ́ Chautauqua sí abẹ́ òkè, níbi tí àwọn olùkọ́ láti Texas ti ń wá lo ìgbà ooru, tí wọ́n ń gbọ́ àsọyé, tí wọ́n sì ń gbọ́ orin. Ní 1907, àwọn olùdìbò Boulder fi ìbò ti ilé ọtí pa. Ìpínlẹ̀ Colorado ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1916, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lápapọ̀ sì tẹ̀lé e ní 1920. Coors ní Golden fi orí là nítorí pé ó yíjú sí wàrà tí a pò mọ́ ọkà báálì àti sí iṣẹ́ tánganran. Crystal Springs kò rí ibi yíjú sí.

Nígbà tí òfin gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́rùn ọtí ní 1933, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jó, Boulder kò bá wọn jó. Ó di èèwọ̀ rẹ̀ mú títí di 1967, ọgọ́ta ọdún gbáko sí ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ kà á léèwọ̀. Èyí tí a yọ̀ǹda láàárín àkókò náà kò ju bíà aláìlágbára tí ọtí inú rẹ̀ kò kọjá ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún, tí òfin Colorado gbà kí ọmọ ọdún 18 mu. Ní àdúgbò The Hill, tí ó kọjú sí Yunifásítì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rọ́ lọ mu ún ní The Sink àti ní Tulagi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohun tí ó le ju ìyẹn lọ, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ jáde kúrò nílùú. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Èmi rò pé ọgọ́ta ọdún yìí ṣe iṣẹ́ kan lábẹ́lẹ̀ tí àwọn tí ó ṣòfin náà kò rò tì: ó sọ ìlú di ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn sí, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a ṣílẹ̀kùn fún ọtí, kò sí ilé ìpọntí àtayébáyé kan níbẹ̀ tí ó lè sọ pé òun ni òun ni ojúde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọtí tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé kò ní láárí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti gbé àwọn kéékèèké mì káàkiri Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 1978, gbogbo ilé ìpọntí tí ó kù ní orílẹ̀-èdè náà kò pé ọgọ́rùn-ún, bíà olómi fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń pọn tán. Ẹni tí ó bá ní òun yóò pọn tòun nílé, arúfin ni, nítorí pé nígbà tí a ń tún òfin ṣe ní 1933, a rántí yọ̀ǹda wáìnì àpọnmu fún onílé, a kò rántí bíà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tí ó tú ìdè yìí, pé àgbàlagbà tí ń dá gbé lè pọn 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, kí ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà sì pọn 200, bí wọn kò bá ṣáà ti tà á.

Ọkùnrin kan wà ní Boulder tí kò dúró de òfin náà. Charlie Papazian ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ agbára átọ́míìkì ní Yunifásítì Virginia, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní Boulder, tí ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ti ń pọn bíà nínú ilé ìdáná. Kò tíì pé oṣù méjì tí Carter fọwọ́ sí ìwé tí Papazian àti Charlie Matzen fi dá ẹgbẹ́ àwọn apọntí-nílé ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ìlú náà ní oṣù Kejìlá 1978, tí wọ́n sì gbé ìwé ìròyìn kan jáde tí ń jẹ́ Zymurgy. Ní 1984, ìwé ńlá tí Papazian kọ lórí ìpọntí ilé jáde, àìmọye ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni ó sì kọ́ iṣẹ́ lójú ewé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí kò nílò kí n fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, nítorí pé bí a ti ń rẹ àgbàdo, tí a ń mú un hù, tí a ń sá a, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sè é, tí a sì ń fi í sílẹ̀ kí ó kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọkà báálì. Kìkì pé wọ́n ń da òdòdó hops sí i kí ó lè korò, wọ́n sì ń fi ìwúkàrà tí a ti ṣà lẹ́ṣà sí i. Ṣùgbọ́n òkè ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ní Boulder, omi kì í gbóná dé ìwọ̀n 100 kí ó tó hó. Ní nǹkan bí 95 ni ó ti ń hó yaya, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kíkorò hops kì í sì í jáde tán nínú omi tí kò gbóná tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n ará etíkun pọn ọtí ní ẹsẹ̀ òkè yóò rí i pé ọtí òun kò korò tó bí ó ti yẹ. Àfi kí ó fi hops kún hops, tàbí kí ó jẹ́ kí ìkòkò pẹ́ lórí iná. Bí ó bá sì dórí ìgò, tí ó ń fi ṣúgà díẹ̀díẹ̀ sí i kí ọtí náà lè yọ ìfófòó, tí ọwọ́ rẹ̀ wá wúwo jù, yóò gbọ́ gbàmù lóru nínú yàrá abẹ́ ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgò mìíràn yóò ti dá a lóhùn.

Láàárín irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni David Hummer àti Randolph Ware, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè ní Stick, ti jáde. Onímọ̀ físíìsì ni àwọn méjèèjì ní Yunifásítì Colorado. Iṣẹ́ Hummer gan-an ni kí ó ṣe ìwádìí bí ìmọ́lẹ̀ ti ń la ara ìràwọ̀ kọjá. Ní 1979, wọ́n gba ìwé àṣẹ láti pọn ọtí tà, èyí tí ilé-iṣẹ́ wọn fi ń yangàn títí pé ìkẹtàlélógójì ni ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé ewúrẹ́ kan ní oko lẹ́bàá ìletò Hygiene ni àwọn ọ̀mọ̀wé yìí sì gbé ìkòkò wọn kà. Ní 1980, bíà wọn dé ọjà. Ẹ má ṣe rò pé owó ni ó ń wọlé ní gbogbo ìgbà yẹn. New Albion ní California, tí ó ṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1976, kò la 1982 já, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ará ilé ewúrẹ́ kò ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n yè é, nígbà tí ó sì di 1984, wọ́n kó wọ inú Boulder fúnra rẹ̀, sí ilé tí wọ́n kọ́ ní Wilderness Place. Boulder Beer ni a mọ̀ wọ́n sí.

Ní 1982, Papazian pe àwọn apọntí jọ sí hótẹ́ẹ̀lì kan ní Boulder fún àjọ̀dún kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tiwọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ènìyàn ni ó wá, ọtí tí wọ́n sì tọ́ wò lé ní ogójì. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ńlá ti bíà Amẹ́ríkà, tí ilé gbígbà rẹ̀ há ní Boulder kí ọdún mẹ́ta tó pé, tí a sì gbé e lọ sí Denver.

Láti 1990 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí rú gọ̀gọ̀. Walnut Brewery ṣí ní ọdún náà. Mountain Sun àti Avery tẹ̀lé e ní 1993. Ní Denver, John Hickenlooper, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti ṣí ilé ìpọntí Wynkoop ní 1988. Ọkùnrin yìí ni ó di olórí ìlú Denver, tí ó di gómìnà Colorado, tí ó sì di sẹ́nétọ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ìkòkò ọtí kì í dí ènìyàn lọ́nà ààfin ní apá ibẹ̀. Mountain Sun ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gba káàdì báńkì, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó ti jẹ, tí ó ti mu, tí ó wá rí i pé owó kò sí lápò òun, àpò lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi owó náà ránṣẹ́ bí ó bá délé. Upslope dé ní 2008 pẹ̀lú bíà inú agolo, bí Oskar Blues ní ìlú Lyons tí kò jìnnà ti ṣe láti 2002, nítorí pé ìgò kò yẹ ẹni tí yóò gbé ẹrù sẹ́yìn gun òkè.

Àwọn apọntí Boulder a máa fi omi wọn yangàn, wọn kò sì purọ́. Láti àwọn ọdún 1920 ni ìlú náà ti ra òkìtì yìnyín Arapaho tí ó wà lórí òkè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kí ó lè dáàbò bo ibi tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Omi yìnyín yìí fúyẹ́, èròjà ilẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pọn bíà kíkorò ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní láti bu èròjà sí i fúnra rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ní omi òkè pọ̀ ní Colorado, bẹ́ẹ̀ ni Boulder nìkan ni Papazian jókòó sí. Àìfi ìmọ̀ pamọ́ ni èmi gbà pé ó kọ́ ilé yìí. Ohun tí alágbẹ̀dẹ tàbí alárò yóò fi pamọ́ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, inú ìwé ìròyìn tí ẹnikẹ́ni lè rà ni àwọn wọ̀nyí tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí kan. Adam Avery ní Boulder ní bíà kan tí ó pè ní Salvation. Vinnie Cilurzo ti Russian River ní California náà ní tirẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú òwò mìíràn, lọ́yà ni ìbá jẹ èrè ọ̀rọ̀ yìí. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì mọ èyí, nítorí náà wọ́n po ọtí méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ tí ó wí gbangba pé àjọṣe ni, kì í ṣe ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ojú ọjà kì í dúró lójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, òfin Colorado gbà kí àwọn ilé ìtajà oúnjẹ máa ta bíà tí agbára rẹ̀ pé, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn ilé ìtaọtí nìkan tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n kọ́kọ́ gba àyè lórí pẹpẹ wọn. Ọdún yẹn kan náà ni Boulder Beer kéde pé òun kò ní máa kó ọtí lọ sọ́jà fúnra òun mọ́, ilé Wilderness Place sì ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kìíní 2020. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tí ó tà jù wọ́n lọ lẹ́yìn wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ pé òun bẹ̀rẹ̀ láàárín ewúrẹ́.

Ní ti Avery, tí ó ti kọ́ ilé tuntun rẹpẹtẹ ní Gunbarrel ní 2015, ó ta ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún Mahou San Miguel ti ilẹ̀ Sípéènì ní 2017, ó sì tún fi kún un fún wọn ní 2019 títí ó fi di ìdá 70. Ẹgbẹ́ tí ń ṣojú àwọn apọntí kéékèèké, èyí tí ìdásílẹ̀ Papazian dàgbà sí ní 2005, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú Boulder yìí kan náà, ní òfin pé bí ilé-iṣẹ́ ọtí tí kì í ṣe ti irú wọn bá ní ìdá 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé ìpọntí kan, a ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Wọ́n yọ ti Avery, aládùúgbò wọn. N kò sì gbà pé bíà tí ó jáde láti inú àgbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e yàtọ̀ ní ohunkóhun sí èyí tí wọ́n ti ń yìn tẹ́lẹ̀.