Ọgbọ́n Yíyan Alátakò: Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Kansas State

Ìtàn tí a gbé wá ní alẹ́ yìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, tí àwọn alátakò sì ń wó ẹni tí ó gbé e mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀hún, yunifásítì tí ó bá mọ eré yìí í ṣe ń gba orúkọ àti owó nídìí rẹ̀; èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe a sì di ẹni ẹ̀sín. Ìbéèrè wa nìyí: bí ẹgbẹ́ kan bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣé ó tọ́ kí ó máa wá ẹni tí apá rẹ̀ ká láti bá figagbága, àbí ojo ni kí a pè é?

Yunifásítì Kansas State wà ní ìlú Manhattan, kì í ṣe Manhattan ti New York o, bí kò ṣe èyí tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ilẹ̀ oko àlìkámà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pàdánù ìdíje 500 nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìpele gíga jù lọ. Ní 1987 àti 1988, wọ́n kópa nínú ìdíje 22. Wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan, wọ́n sì pàdánù gbogbo ìyókù. Nígbà tí 1988 ń parí lọ ni wọ́n mú Bill Snyder wá láti Yunifásítì Iowa, níbi tí ó ti jẹ́ igbákejì fún Hayden Fry, kí ó wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìdíje 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́dún nígbà náà. Kansas State wà nínú àjọ Big Eight, níbi tí àwọn òmìrán bí Nebraska àti Oklahoma wà. Àjọ yìí ti yan ìdíje 7 fún wọn. Wọn kò lè sá fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yíyan ìdíje 4 yòókù wà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aláìlágbára a máa ta ìdíje irú èyí: wọn a lọ sí ilé alágbára, wọn a gba owó, a ó sì lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Snyder gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá borí nínú 4 wọ̀nyí, 2 péré ni ó tún nílò nínú 7 tó le, kí ìṣẹ́gun rẹ̀ lè ju ìpàdánù lọ.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1989, wọ́n borí ẹẹ̀kan ṣoṣo: wọ́n fi 20 sí 17 na North Texas, ìgbà tí eré fẹ́ parí gan-an ni wọ́n sì rí ayò tí ó là wọ́n. Ní 1990, ìṣẹ́gun di 5. 3 nínú rẹ̀ wá láti inú ìdíje tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn. Ní 1991, ó di 7. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹran jíjẹ ni àwọn alátakò náà. Indiana State, tí ó wà ní ìpele tí ó rẹlẹ̀ sí tiwọn, ayò kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí rẹ̀, 26 sí 25. Ní ọdún kan náà, Washington fi 56 sí 3 fọ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1993, wọ́n borí nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n yàn, a pè wọ́n sí Copper Bowl, wọ́n sì na Wyoming, 52 sí 17.

Ẹnìkan lè sọ pé ìdíje yíyàn nìkan kọ́ ni ó tún ilé yìí kọ́. Òótọ́ ni. Snyder wá ọ̀dọ́mọkùnrin láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí. Àmọ́, bí a bá ń lu ọmọ lójoojúmọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ wúlò?

Àwọn kan tún ń tọ́ka sí Florida State. Ní 1981, Bobby Bowden kó ẹgbẹ́ náà lọ bá alágbára márùn-ún nílé wọn léraléra: Nebraska, Ohio State, Notre Dame, Pittsburgh àti LSU. Wọ́n borí mẹ́ta. Akin ni wọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní 1979 àti 1980, ìdíje 21 ni wọ́n ti borí kí wọ́n tó rin ìrìn àjò yẹn. Ẹni tí apá rẹ̀ ti gbó ni ó ń wá ìjà kiri.

Ibi tí ìtàn Kansas State ti di ẹ̀kọ́ fún wa ni 1998. Lọ́dún náà, wọ́n na Nebraska, 40 sí 30, èyí tí wọn kò rí ṣe láti 1968. Wọn kò pàdánù ìdíje kankan títí di àṣekágbá àjọ Big 12, níbi tí Texas A&M ti fi 36 sí 33 borí wọn lẹ́yìn àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ṣì wà ní ipò kẹta nínú ìṣirò gbogbogbòò. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú eré ńlá mẹ́rin ìparí ọdún tí ó pè wọ́n. Àwọn tí ń yan ẹgbẹ́ ń wo orúkọ àti owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni Kansas State fọwọ́ ara rẹ̀ yàn lọ́dún náà? Indiana State, Northern Illinois àti Northeast Louisiana: 66 sí 0, 73 sí 7, 62 sí 7. Indiana State tí ó gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì ní 1991 kò lè rí ayò kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ti dàgbà, ẹrù ọmọdé ni wọ́n ṣì ń rù, àwọn tí ń wò wọ́n sì ń bèèrè ìwọ̀n agbára wọn.

Ní 2003, wọ́n fi 35 sí 7 na Oklahoma, tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní, láti gba ife ẹ̀yẹ Big 12. Snyder fẹ̀yìn tì ní 2018 pẹ̀lú ìṣẹ́gun 215.

Ní tèmi, kì í ṣe ojo ni ẹni tí ó ń wá alátakò tí apá rẹ̀ ká. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ó gbàgbé pé àtẹ̀gùn ni, kì í ṣe ibùsùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà ni ẹ ń yan iṣẹ́ fún ọmọ. Ẹ fún un ní èyí tí yóò lè ṣe, kí ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá ń ṣe é láìlàágùn, ẹ tètè gbé òmíràn lé e lórí. Ó dìgbà kan ná.