Ihò Wo Ni Ti Ta?

Ní ọdún 2003, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, wáyà tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Màá bó èèpo rẹ̀, màá tú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ inú rẹ̀, màá tò wọ́n: funfun aláwọ̀ ọsàn, ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun aláwọ̀ búlúù, ewé, funfun aláwọ̀ búráùn, búráùn. Lẹ́yìn náà ni màá kì wọ́n bọ orí ike, tí màá fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá mi, tó ń di àdìrẹ oníko ní Ìtòkú, bá mi nídìí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ti di oníko." Inú mi ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Okùn abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta kọjá, wáyà tẹlígíráàfù sì ń bá a rìn lórí òpó. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù ló mú ìbéèrè tuntun wá: bí okùn bá pọ̀, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti ta?

Àbúrò bàbá mi obìnrin ṣe iṣẹ́ yẹn ní P&T tó jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba fún ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù, kí wọ́n tó dá NITEL sílẹ̀ ní 1985. Ó ní pátákó kan wà níwájú òun tó kún fún ihò, ihò kan fún ẹnì kan. Bí iná bá tàn, yóò ki okùn bọ̀ ọ́, yóò béèrè ẹni tí wọ́n ń wá, yóò sì ki orí kejì bọ ihò onítọ̀hún. Ó mọ ihò gbogbo wọn lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi dáadáa àfi ìgbà tí mo dé ìdí swíìṣì, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà kafé pọ̀.

Họ́ọ̀bù la kọ́kọ́ fi so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní kafé. Akígbe ni họ́ọ̀bù: ohun tí ẹnì kan bá rán an, gbogbo ilé ló ń ké e sí. Kọ̀ǹpútà 12 ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, iṣẹ́ ń falẹ̀. Swíìṣì, tí ilé-iṣẹ́ Kalpana gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1990 pẹ̀lú ihò 7, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wo àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ tó bá sọ̀rọ̀ láti ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń fi í sọ́kàn, ibẹ̀ nìkan ni yóò sì jẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tó bá yá. Iṣẹ́ àǹtí mi gan-an ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo kọ̀ǹpútà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà ń béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn. A tún swíìṣì tàn, asán ni. Wákàtí méjì kọjá kí n tó rí i pé ẹnì kan ti ki orí méjèèjì okùn kan bọ inú swíìṣì kan náà, ọ̀rọ̀ wá ń yí po láìdúró. Radia Perlman ti rí ìwòsàn àrùn yẹn láti 1985, ṣùgbọ́n swíìṣì olówó pọ́ọ́kú bíi tiwa kò ní i. Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí orúkọ kankan lára okùn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gé bébà, tí mo kọ nọ́ńbà, tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí méjèèjì okùn kọ̀ọ̀kan.

Fóònù alágbèéká GSM tó dé ní 2001 ló gba oníbàárà lọ́wọ́ kafé níkẹyìn. Kí iṣẹ́ wa má baà di okùn tí kò ní orúkọ, ẹ̀yin tí ẹ jókòó nídìí pátákó P&T, àti ẹ̀yin tí ẹ fa wáyà kafé ní Ìbàrà, Sápọ́n àti Adátán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe sílẹ̀ kí àwọn ọmọ yín lè rí i kà.