Bí Mẹ́nù Ìkànnì Ńlá Ṣe Dàgbà

Ìmọ̀ tó pọ̀ tí kò létò, bí ẹni pé kò sí ni. Ìṣòro yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, àkájọ ìwé inú ilé ìkówèésí ìlú Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ti pọ̀ débi pé olùwádìí lè sọnù sáàárín wọn. Akéwì kan, Callimachus, ló jókòó tì wọ́n, tó pín àwọn òǹkọ̀wé sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: akéwì lọ́tọ̀, òpìtàn lọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ tó ṣe, Pinakes, gba àkájọ ìwé 120.

Irú ọ̀nà yìí náà ni Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, tọ̀ lọ́dún 1876, nígbà tó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀wọ́ 10, tó sì tún pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí 10. Ṣùgbọ́n ní 1945, onímọ̀ ẹ̀rọ Vannevar Bush kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé ọpọlọ ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ báyẹn: èrò kan ló ń fa òmíràn. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjì ti ń bá ara wọn dù ú: ká máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tàbí ká máa tẹ̀ lé ohun tó so mọ́ra.

Ọdún 1991 ni méjèèjì pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gopher, tí Yunifásítì Minnesota gbé jáde, mẹ́nù ni látòkèdélẹ̀: o yan ìlà kan, mẹ́nù mìíràn ṣí, títí o fi kan ohun tí o ń wá. Wẹ́ẹ̀bù tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní ibùdó ìwádìí CERN, líǹkì inú ọ̀rọ̀ ló fi ń rìn. Ní 1993, Minnesota ní òun yóò máa gbowó lórí Gopher. Ní 30 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, CERN yọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Wẹ́ẹ̀bù borí. Àmọ́ líǹkì nìkan kò tó. Ní 1994, Jerry Yang àti David Filo, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford, padà sí ẹ̀ka, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtòjọ ìkànnì tó di Yahoo.

Nígbà tó yá, ìkànnì pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tò lọ. Ní ìparí 2014, Yahoo ti àtòjọ náà pa; ìwákiri bíi ti Google ti gbapò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń wá ni ìwákiri ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mẹ́nù ló ń fi ohun tó wà hàn án.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ mẹ́nù fi gba àròjinlẹ̀. Wo mẹ́nù ẹ̀ka ọjà Amazon bó ṣe rí ní 2013. Bí o bá gbé máòsì lé ẹ̀ka kan, àwọn ọjà abẹ́ rẹ̀ á ṣí sápá ọ̀tún. Bí o ṣe ń darí máòsì gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀, yóò gba orí ẹ̀ka mìíràn kọjá. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, ẹ̀ka yẹn ló máa ṣí, ohun tí o ń lọ bá á sì pòórá. Amazon fa igun mẹ́ta tí ojú kò rí láti orí máòsì dé igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ mẹ́nù tó ṣí. Bí máòsì bá ṣì ń rìn nínú igun mẹ́ta náà, ohunkóhun kò ní yí padà.

Fóònù dé, àyè dín kù. Ìlà mẹ́ta tí Norm Cox yà fún kọ̀ǹpútà Xerox Star ní 1981 wá di àmì mẹ́nù kárí ayé, mẹ́nù sì wọ ìkọ̀kọ̀.

Lójú tèmi, àyípadà tó ga jù kò sí nínú iṣẹ́ ọnà rárá. Ní 17 oṣù kẹwàá 2012, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìkànnì GOV.UK rọ́pò ìkànnì Directgov àti Business Link. Ohun tí ará ìlú ń wá ni wọ́n tò síwájú, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba: ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, ọkọ̀ wíwà, owó orí. Ẹni tó fẹ́ tún ìwé àṣẹ ìwakọ̀ gbà kò ní láti kọ́kọ́ mọ iléeṣẹ́ tó ń fúnni.

Ẹni tó bá ń ṣe mẹ́nù lónìí, kó kọ àkòrí ojú ewé kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, kó kó wọn fún àwọn tó máa lo ìkànnì náà, kí wọ́n tò wọ́n bó ṣe yé wọn, kí wọ́n sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ètò tó bá tọwọ́ wọn jáde ló yẹ kó ṣáájú ètò ọ́fíìsì, torí ẹni tó ń wá nǹkan ni mẹ́nù wà fún.