Oògùn Amúnirù àti Kókó Ọrùn



Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé rí ni ọ̀rọ̀ òní ti wá. Ó wá kí mi nílé ní Ifákọ̀, ó sì yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. Oògùn tí ń mú ni rù ni; kò sí orúkọ kankan lára ìgò náà. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ẹ mọ̀ pé ìyá mi ní gẹ̀gẹ̀. Ṣé oògùn yìí kò ní ba ọrùn tèmi náà jẹ́?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kókó kan wà níwájú ọrùn wa, nísàlẹ̀ gògóńgò, ó rí bí labalábá. Táírọ́ọ̀dì ni a ń pè é. Oje tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pàṣẹ bí ara yóò ti yára lo oúnjẹ tó. Bí kókó náà bá wú, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Àìtó ayodíìnì ni ó sábà ń fa á, òun ni ìjọba wa fi ní kí a máa fi ayodíìnì sínú iyọ̀ láti 1993.

Ní 1891, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, George Murray, fi abẹ́rẹ́ gún oje kókó ọrùn àgùntàn sára obìnrin kan tí kókó tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara obìnrin náà yá. Ó lo ọdún 28 sí i láyé. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń lo oje náà a máa rù. Kò pẹ́ tí àwọn tí ọrùn wọn kò ṣe nǹkan kan fi ń gbé e mì nítorí ikùn. Bí oje bá ń ti òde wọlé, kókó tiwa a dẹwọ́ iṣẹ́, àyà a sì máa lù kìkì. Ní Amẹ́ríkà wọ́n pò ó mọ́ oògùn mìíràn, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn kan kú, ìjọba sì gbógun tì í ní 1968.

Èkejì burú ju èyí lọ. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Faransé ń lo ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè kan, DNP. Wọ́n ń rù, wọ́n ń làágùn, àwọn mìíràn kú. Ní 1933, Cutting àti Tainter, ní Yunifásítì Stanford, fún àwọn tí ó sanra lò. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó tó 100,000 ènìyàn tí ó ti lò ó ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Òfin ọdún 1938 ni ó dá a dúró níbẹ̀.

Ẹ ti rí dírẹ́bà tí ó yọ mọ́tò kúrò nínú gíà, tí ó sì ń tẹ iná mọ́lẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12? Ẹ́ńjìnnì ń han, epo ń jó, ooru ń sọ, mọ́tò kò sún. Bẹ́ẹ̀ ni DNP ń ṣe nínú ara, gẹ́gẹ́ bí Loomis àti Lipmann ti fi hàn ní 1948. Oúnjẹ ń jóná di ooru lásán. Bí ooru náà bá kọjá ààlà, kò sí oògùn tí ó lè pa oró rẹ̀.

Ti oje ọrùn ńkọ́? DNP kì í ṣe oje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń gbóná nínú méjèèjì. Lára eku, ńṣe ni ó ń dín oje náà kù nínú ẹ̀jẹ̀: ó ń lé e kúrò lára ohun tí ń gbé e kiri, ó sì ń dín àṣẹ tí ń ti orí wá sọ́dọ̀ kókó náà kù. Àwọn kan tìtorí èyí ń gbé méjèèjì mì pọ̀. Iná lórí iná! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, láti October 2023 ni DNP ti wà lára májèlé tí a kò gbọdọ̀ rà láìgba ìwé àṣẹ.

Mo yí ìgò ọmọbìnrin náà sọ́tùn-ún sósì. Ojú lásán kò lè mọ èwo nínú wọn ni. Mo bi í bí àyà rẹ̀ ti ń lù. Ó ní ó di ọjọ́ mẹ́ta tí òun kò tíì sùn. N kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. A wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́sípítù, ìgò náà lọ́wọ́ mi.