Láti Yàbá dé Ẹdẹ: Ta Ló Gba Kọ́kọ́rọ́ Láàbù?

 

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú kúrò ní Nàìjíríà rí, ẹ mọ yẹ́lò káàdì, ìwé kékeré tí wọ́n máa ń bèèrè pẹ̀lú páálí ìrìnnà. Ohun tí káàdì náà ń sọ ni pé wọ́n ti gún yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ìtàn abẹ́rẹ́ yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e la fẹ́ sọ lónìí. Ìdí kan ni pé Èkó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí kejì ni ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń bá àwọn àjọ ìrànwọ́ òkè òkun ṣiṣẹ́. Owó ń wọlé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń pín báàgì àti bírò, wọ́n ní àwọn ń kọ́ àwọn èèyàn láti dá dúró. Tí àwọn tó ni owó bá kó ẹrù wọn lọ, kí ló máa ṣẹ́ kù nílẹ̀?

Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ibà pọ́njú. Yàbá ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Nígbà náà, àríyànjiyàn ń lọ lórí ohun tó ń fa àìsàn yìí. Hideyo Noguchi, onímọ̀ ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì, ti sọ pé bakitéríà kan ni. Àwọn ará Yàbá wá bakitéríà yẹn títí, wọn ò rí i. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sára oríṣiríṣi ẹranko, àwọn ẹranko náà kò ṣàìsàn. Ìgbà tí wọ́n kó ọ̀bọ wá láti Íńdíà ni nǹkan yí padà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast tó di Gánà lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ kan. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ibà pọ́njú. Fáírọ́ọ̀sì Asibi yìí kan náà ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì sọ di aláìlágbára ní àwọn ọdún 1930, tí wọ́n fi ṣe àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1951. Títí di òní olónìí, kò sí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kankan tí wọ́n ń gún láyé tí kì í ṣe ọmọ 17D. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gún yín rí, ohun tó jáde lára Asibi ti wọ ara yín.

Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí o. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ṣe é. Adrian Stokes kó àìsàn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Akrá láti wá fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ibà pọ́njú pa á ní oṣù Karùn-ún 1928. William Young, dókítà tó ń bójú tó ilé ìwádìí tí Noguchi ti ń ṣiṣẹ́, kú láìpẹ́ ọjọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìwádìí tó kéde àwárí náà ní 1928. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: Stokes, Bauer, Hudson. Orúkọ ọmọ Áfíríkà tó kù nínú ìtàn náà ni ti ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ní 1934, ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó dé. Àwọn ará Rockefeller parí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn pé àwọn máa kọ́ni.

Ká wá kọjá òkun díẹ̀, nítorí àjọ yìí kan náà ń bá ibà yìí kan náà jà ní Brazil lásìkò yẹn. Ní 1937, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àjẹsára 17D ní ìlú Rio de Janeiro. Àwọn ọmọ Brazil wà nínú láàbù yẹn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fọ ìgò. Nígbà tí ìwé lórí àjẹsára náà jáde ní 1938, orúkọ Henrique Penna, ọmọ Brazil, wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ti Hugh Smith, ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, Rockefeller fà á lé àwọn ará Brazil lọ́wọ́, ó di ara iléeṣẹ́ ìwádìí Oswaldo Cruz tí ìjọba wọn ti ní tẹ́lẹ̀. Lónìí, ibi mẹ́rin péré lágbàáyé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa ra abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: Faransé, Rọ́ṣíà, Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àti Rio yìí.

Ẹnìkan lè ní Brazil ti gba òmìnira tipẹ́, àwa sì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmìnira nìkan kò tán ọ̀rọ̀ náà, torí pé àwa náà ní ilé tiwa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Yàbá níbí: ti ìgbóná, ti dìgbòlugi, ti ibà pọ́njú. Òmìnira dé, iṣẹ́ ń lọ. Ní 1987, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ. Ẹ ó rò pé ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n fi kún owó ilé náà. Ní 1991, ìjọba tì í pa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe kó bá ìgbà mu. Àtúnṣe yẹn kò parí. Ní 2005, ìjọba bá iléeṣẹ́ May & Baker dá iléeṣẹ́ àjọni kan sílẹ̀ pé kó padà sí iṣẹ́ àjẹsára. Ní oṣù Kẹta 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ COVID àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti 2017. Ibà pọ́njú tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kí wọ́n tó lè sọ pé òun ni lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ní láti lọ sí Dakar. Àádọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí àwọn ará Yàbá wádìí ẹ̀jẹ̀ Asibi!

Ó dáa, a ti sọ èyí tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Rockefeller tún padà wá, wọ́n sì dá ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ottis Causey ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Wọ́n ń lọ káàkiri, wọ́n ń mú ẹ̀fọn, wọ́n ń já eégbọn lára màlúù, wọ́n ń dẹ pàkúté fún asín. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ gbọ́ èyí: fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Dugbe, tí wọ́n rí lára eégbọn ní 1964. Òmíràn ń jẹ́ Mokola, ìbátan dìgbòlugi ni, wọ́n rí i lára asín ní 1968. Bẹ́ẹ̀ ni, Dùgbẹ̀ tiwa, Mọ́kọ́lá tiwa. Onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí kò mọ ọ̀nà Nàìjíríà rí, ó mọ orúkọ àdúgbò méjì ní Ìbàdàn.

Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Rockefeller fọwọ́ kúrò. Owó dínkù, ẹ̀rọ ń gbó, iná ọba ń lọ ó ń bọ̀, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé náà kò kú, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Ó di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nínú yunifásítì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń wọlé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ wọn, ẹni tó ń kọ́ wọn wà lórí ìwé owó oṣù. Ilé tó jẹ́ ti iṣẹ́ àkànṣe nìkan, bí iṣẹ́ bá ti tán, ilẹ̀kùn a tì.

Ọ̀kan lára àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ni Oyewale Tomori, ọmọ Iléṣà. Dókítà ẹranko ni tẹ́lẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní 1976. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Láti 1994, ó wà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì fún gbogbo Áfíríkà, ibẹ̀ ló ti so àwọn láàbù tó ń ṣàyẹ̀wò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ilé tó ti jáde ní Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn láàbù náà. Ní 2004, ó di gíwá àkọ́kọ́ fún Redeemer's University. Ẹ di orúkọ yunifásítì yẹn mú, a ó padà síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer balẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó nígbà yẹn, ẹ rántí omi iyọ̀, ẹ rántí orógbó, ẹ rántí bí a kò ṣe bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó, kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn. Ebola pa òun náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àyẹ̀wò ńkọ́? Láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Redeemer's University ló sọ fún wa pé Ebola ni, láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ẹsẹ̀. Láti 2012 ni ìjọba ti ní ibùdó pàjáwìrì kan fún rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí owó òkè òkun ń ràn lọ́wọ́. Faisal Shuaib, tó jẹ́ igbákejì níbẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí ìjà Ebola. Wọ́n kó dókítà bí 40 tí wọ́n ti kọ́ ní títọpasẹ̀ àrùn kúrò lórí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sórí Ebola. Kò sí pé ká ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni: kan ilẹ̀kùn, kọ orúkọ, padà wá lọ́la. Wọ́n tọpasẹ̀ èèyàn 894 tó súnmọ́ aláìsàn, fún ọjọ́ 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn tó nǹkan bí 18,500 ìgbà. Ogún èèyàn ló kó o, mẹ́jọ kú. Ní Làìbéríà, àwọn tó kú lé ní 4,800. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Àwọn kan sọ pé Ọlọ́run ló yọ wá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé ẹnìkan san owó oṣù àwọn tó kan ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ṣáájú kí Sawyer tó wọ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó náà kì í sì í ṣe tiwa.

Ní oṣù Kẹta 2020, láàbù Christian Happi ní Redeemer's University, ní Ẹdẹ, ka gbogbo jẹ́nóòmù fáírọ́ọ̀sì COVID tó dé Èkó, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Owó Báńkì Àgbáyé wà nínú ibùdó yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti tán ní Áfíríkà. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n orí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni owó oṣù àwọn tó mọ ilẹ̀kùn í kàn wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa: àwọn tí ẹ jọ ń kan ilẹ̀kùn nígbà Ebola, ṣé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Ta ló ń san owó wọn báyìí?