Aṣọ Ìbora Ìyá Harriet

 

Ní ilé wa ní New Carrollton, nígbà òtútù, a máa ń gé àwòrán lára àgékù aṣọ àǹkárá: ẹyẹ, ìlù, ìjàpá. A ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù sí abẹ́ àwòrán náà, a ó gbé e lé àpò ìrọ̀rí, a ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù á yọ́, àwòrán á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ mi ní àrà àwọn òyìnbó nìyí. Mo ní rárá o! Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìtàn.

Ẹ wo ẹ̀kú egúngún nílé: aṣọ lórí aṣọ, tí wọ́n gé etí rẹ̀ ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ní Abomey, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, àwọn télọ̀ ọba máa ń gé àwòrán, wọ́n á sì rán an mọ́ aṣọ ńlá. Ẹfọ̀n dúró fún Ọba Ghezo, kìnnìún dúró fún ọmọ rẹ̀, Glele. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ojú ka ìtàn ọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọba ni o! Ghezo yìí ló gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, Glele sì tún gbé ogun dé ní 1864. Àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn méjèèjì padà.

Ìtàn ìyá kan tí kì í ṣe ọba ńkọ́? Ní 1837 ni wọ́n bí Harriet Powers sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn òmìnira, ó rán aṣọ ìbora kan tí ó ní apá 11. Ó gé Ádámù àti Éfà, àlá Jékọ́bù, Júdásì àti ọgbọ̀n owó fàdákà, ó sì rán wọn mọ́ ọn. Ní 1886 ó gbé e lọ sí ìpàtẹ òwú ní ìlú Athens. Jennie Smith, olùkọ́ àwòrán, fẹ́ rà á. Ìyá Harriet ní òun kò tà á.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan le fún ìdílé rẹ̀. Ó béèrè $10. Smith fún un ní $5. Ó gbà á.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n $5 yìí dùn mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ìyá Harriet ṣe: ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan, Smith sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún padà wá wo aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn kò bọ́.

Smithsonian ní Washington ló ni aṣọ náà báyìí, nínú àkójọ National Museum of American History. Reluwé kan péré ló gbé wa dé ibẹ̀ láti New Carrollton! Àwọn onímọ̀ kan ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti Abomey. Ìjọra ni mo wí o, n kò sọ pé Abomey ni ìdílé rẹ̀ ti wá.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gé ìjàpá tí kò sì gbọ́ àlọ́ ìjàpá, ìrọ̀rí lásán ló ní. Ẹ pa àlọ́ náà fún un, ní Yorùbá, kí áyọ́ọ̀nù tó tutù.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Àgékù: ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a gé nǹkan tán.
Ẹ̀kú: ẹ̀wù egúngún.
Ìpàtẹ: ibi tí a to nǹkan sí kí àwọn ènìyàn lè wò ó.

Iṣẹ́ ilé: Gé àwòrán kan. Sọ ìtàn rẹ̀ fún màmá tàbí bàbá rẹ ní gbólóhùn mẹ́ta.

Ó dàbọ̀ o!